Bí Ọ̀fìnkìn Bá Ń Ṣe Yín, Ṣé Kí Ẹ Ṣì Gun Kẹ̀kẹ́ Jáde?

Láti ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ti ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere jáde lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ìbéèrè kan wà tó máa ń dé ọ̀dọ̀ mi ní gbogbo ìgbà ọyẹ́: “Ààfáà, imú mi dí, mo ń sín, ṣé kí n ṣì bá wọn jáde lónìí?” Àwọn kan ń bi mí bí ẹni tó ń wá àwáwí láti padà sùn. Àwọn mìíràn á ti gùn ún lọ gùn ún bọ̀ kí wọ́n tó bi mí, ara wọn á sì ti máa gbóná bí ààrò.

Èmi kì í ṣe dókítà. Ilé kéwú ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ ìròyìn ni mo sì ń ṣe. Ohun tó jẹ́ kí n tú ọ̀rọ̀ yìí wò dé ìsàlẹ̀ ni pé mo ti ṣì í ṣe rí. Nínú ọyẹ́ ọdún kan, imú mi ń ṣomi, mo ní ọ̀fìnkìn lásán ni. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, gbogbo oríkèé ara ń ro mí, òtútù sì ń mú mi nínú oòrùn. Mo lo párásítámọ̀ méjì, ara fúyẹ́, mo gbé kẹ̀kẹ́, mo jáde. Ọlọ́kadà ló gbé mi padà wálé lọ́jọ́ náà, wọ́n sì di kẹ̀kẹ́ mi mọ́ ẹ̀yìn ọkadà mìíràn. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n kò fi lè gun àtẹ̀gùn mọ́sálásí láìdúró mí. Ìyá àwọn ọmọ mi kò sì jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀ títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdáhùn kí n tó ṣàlàyé, nítorí ẹni tó ti wọ bàtà tán kì í ní sùúrù. Bí gbogbo ohun tó ń ṣe yín kò bá kọjá imú àti ọ̀fun, tí ara kò sì gbóná, ẹ lè jáde, ṣùgbọ́n kí ẹ dín ọ̀nà àti ipá kù. Bí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀ sí àyà, sí ikùn tàbí sí oríkèé ara, tàbí tí ara bá gbóná, ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ nílé. Ti èyí kejì yìí kò ní “ṣùgbọ́n” nínú.

Òtútù kan, àìsàn mẹ́ta

Nínú èdè wa, ẹni tí atẹ́gùn ọyẹ́ ń fẹ́ lù máa ń sọ pé òtútù ń mú òun. Ẹni tí ibà ti dá dùbúlẹ̀ náà á sọ pé òtútù ń mú òun. Ẹni tí imú rẹ̀ ń ṣomi, ohun kan náà ni yóò sọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ló ń kó ọ̀pọ̀ wa sí wàhálà, torí ìmọ̀ràn tó tọ́ sí ọ̀kan lè pa ìkejì lára.

Ọ̀fìnkìn jẹ́ àìsàn imú àti ọ̀fun tí àwọn kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní fáírọ́ọ̀sì ń fà. Irú wọn lé ní 200, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni wọ́n ń pè ní rhinovirus. Nítorí pé wọ́n pọ̀ tó báyẹn ni ara kì í fi í dá gbogbo wọn mọ̀ tán, tí ọ̀fìnkìn fi ń padà wá. Àgbàlagbà lè ní in ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, ti àwọn ọmọdé sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀fun á kọ́kọ́ máa yúnni, imú á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi, sísín á tẹ̀lé e. Ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló máa ń le jù, ó sì máa ń lọ láàárín ọjọ́ 7 sí 10, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikọ́ tó bá kù lẹ́yìn rẹ̀ lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe òjò tó pa ènìyàn tàbí omi tútù tí a fi ṣe àlùwàlá ló ń dá a sílẹ̀. Ọwọ́ ẹlòmíràn àti ẹ̀mí ẹlòmíràn la ti ń kó o. Kò sí oògùn tó ń pa á. Ampiclox àti tetracycline tí àwọn ènìyàn wa ń rà ní kíóòsì, bakitéríà ni wọ́n ń bá jà, wọn kò lè fi ohunkóhun ṣe fáírọ́ọ̀sì.

Àrùn fulúù yàtọ̀. Òjijì ni tirẹ̀. Ènìyàn lè jí láàárọ̀ kí ara rẹ̀ dá, kó tó di alẹ́ ara ti gbóná, orí ń fọ́, gbogbo ẹran ara ń ro ó. Ibà tí ẹ̀fọn ń fà tún yàtọ̀ sí méjèèjì. Imú tó ń ṣomi kì í sábà jẹ́ àmì ibà, ṣùgbọ́n ènìyàn lè ní ibà àti ọ̀fìnkìn pa pọ̀. Nítorí náà, ní ilẹ̀ tiwa níbí, bí ara bá gbóná, ẹ má fi ojú wò ó kí ẹ sọ pé ọ̀fìnkìn ni. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka ni, ìdáhùn rẹ̀ kì í sì í ju bí ìṣẹ́jú 20 lọ. Ẹ ní tẹmómítà nílé pẹ̀lú. Ọwọ́ tí a ń gbé lé iwájú orí ọmọ dára, àmọ́ ọwọ́ kì í sọ iye. Bí tẹmómítà bá ti fi digíríì 38 hàn, ibà ló wà lára yẹn.

Àyẹ̀wò ọrùn

Ní ọdún 1993, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà kan, Randy Eichner, kọ ìmọ̀ràn kan fún àwọn dókítà tó ń tọ́jú àwọn eléré ìdárayá. Ó rọrùn débi pé ọmọ ilé kéwú lè há a sórí, ìyẹn ló sì jẹ́ kí wọ́n ṣì máa lò ó títí di báyìí. Wọ́n ń pè é ní àyẹ̀wò ọrùn. Ẹ bi ara yín léèrè pé: níbo ni àìsàn yìí wà? Imú dídí, imú tó ń ṣomi, sísín, ọ̀fun tó ń yúnni, òkè ọrùn ni gbogbo wọn. Ikọ́ tó ń ti inú àyà wá, kẹ́lẹ́bẹ̀ tó ń hó nínú àyà, èémí tó ń kúrú, inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru, ara ríro, gbogbo ìyẹn ti wà nísàlẹ̀ ọrùn. Ibà ní tirẹ̀, bí orí nìkan ló tilẹ̀ ń gbóná, ìsàlẹ̀ ọrùn la kà á sí, nítorí gbogbo ara ló ń jà.

Bí ó bá jẹ́ òkè ọrùn nìkan, ẹ jáde, kí ẹ fi ìdajì agbára yín bẹ̀rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Ohun tí mo ń pè ní ìdajì ni pé kí ẹ lè máa bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹhẹlẹ. Bí orí bá ń fúyẹ́ tí imú sì ń ṣí, ẹ lè máa bá a lọ níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Bí orí bá ń lù yín kìkì ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá yí, ẹ yí kẹ̀kẹ́ padà sílé. Kò sí ìtìjú nínú ìyẹn.

Àwọn kan gbà pé bí ènìyàn bá làágùn dáadáa, ọ̀fìnkìn á bá òógùn jáde. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá mi, mo sì gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Thomas Weidner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ball State University ní Amẹ́ríkà dán an wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1998. Wọ́n mú ènìyàn 50 tó yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n fi rhinovirus sí wọn nímú. Àwọn 34 ń ṣe eré ìdárayá fún ogójì ìṣẹ́jú lọ́jọ́ kan, wọn á sinmi lọ́jọ́ kejì, títí ọjọ́ 10 fi pé. Àwọn 16 yòókù jókòó. Wọ́n ń bi gbogbo wọn léèrè bí ara ṣe rí, wọ́n tilẹ̀ ń kó bébà tí kálukú fi nu imú jọ, wọ́n ń gbé e sórí ìwọ̀n láti mọ bí ikun ṣe pọ̀ tó. (Iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì le o.) Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, kò sí ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, bóyá nínú bí ọ̀fìnkìn náà ṣe le tó ni tàbí nínú iye ọjọ́ tó lò. Eré ìdárayá kò lé e lọ, kò sì mú un burú sí i. Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú sí ohun tí wọ́n dán wò: ọ̀fìnkìn tó fẹ́lẹ́ ni, lára àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá tẹ́lẹ̀. Wọn kò fi fulúù dán ẹnikẹ́ni wò, wọn kò sì ní kí ẹni tó ní ibà gun òkè.

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ ibà

Kí ló dé tí àwọn dókítà kò fi gba ìpẹ̀ lórí ibà? Nígbà tí ara bá gbóná, ọkàn máa ń yára lù, bí ìlù 10 ní ìṣẹ́jú kan fún digíríì kọ̀ọ̀kan tí ìgbóná bá fi lé sí i. Ìyẹn ni pé ẹni tó ní ibà tó jókòó sórí àga, ọkàn rẹ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ná. Omi ara ń gbẹ, ara kò sì rọ́nà tú ìgbóná rẹ̀ dànù bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ nínú ipò bẹ́ẹ̀ ti di ẹrù méjì ru ọkàn kan ṣoṣo.

Èyí tó burú jù wà nínú ọkàn fúnra rẹ̀. Díẹ̀ nínú àwọn fáírọ́ọ̀sì, bíi ti fulúù àti àwọn tí wọ́n ń pè ní coxsackie, lè wọ inú ẹran ọkàn kí ó sì mú un wú. Myocarditis ni orúkọ tí àwọn dókítà fún un. Kò wọ́pọ̀, ọ̀pọ̀ tó sì ní in ló ń bọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ó wà lára àwọn ohun tó ń pa ọ̀dọ́ eléré ìdárayá lójijì, ẹni tí gbogbo ayé rí láàárọ̀ tí ó ń fò. Ẹni tí àyà bá ń dùn, tí ọkàn rẹ̀ ń sáré tàbí tó ń fo ìlù, tí èémí rẹ̀ ń kúrú níbi tí kò ti yẹ, tí òòyì ń kọ́ ọ tàbí tó dákú, bóyá nínú ọ̀sẹ̀ tí àìsàn náà ń ṣe é ni o tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà. Kí ẹ má dúró de ọ̀la. Ẹni tí wọ́n bá sì rí i lára rẹ̀, oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń ní kó fi jìnnà sí eré tó lágbára.

Ibí yìí ni àṣìṣe tèmi ti wáyé. Párásítámọ̀ máa ń mú kí nọ́ńbà tẹmómítà wálẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń fa ìgbóná ṣì wà níbẹ̀. Mo fi oògùn bo àmì náà, mo sì sọ fún ara mi pé ara ti dá. Bí ẹ bá nílò párásítámọ̀ kí ẹ tó lè dìde jáde, ẹ ti gba ìdáhùn yín nìyẹn.

Kẹ̀kẹ́ ní ewu tirẹ̀

Ẹni tó ń nasẹ̀ yípo ilé lè dúró nígbàkígbà. Kẹ̀kẹ́ máa ń gbé ènìyàn jìnnà kó tó mọ̀ pé agbára ti tán, gbogbo ibi tí a gùn dé la sì gbọ́dọ̀ gùn padà. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe yín, ẹ má gba ọ̀nà gbọọrọ. Ẹ yí àdúgbò po, kí ilé má jìn ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ sí yín nígbà kankan. Ẹ yẹra fún òkè. Nígbà ọyẹ́, imú tó dí túmọ̀ sí pé ẹnu la ó máa fi mí, eruku á sì gbabẹ̀ wọ ọ̀nà ọ̀fun tó ti bó tẹ́lẹ̀. Fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí a máa rìn nínú ilé tàbí kí a máa na ara lórí ẹní sàn jù.

Sísín lórí kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ojú máa ń pa dé fúnra rẹ̀, ọwọ́ á yẹ̀, lójú títì tí danfo àti maruwa ń sáré kọjá. Etí tó dí nítorí ọ̀fìnkìn náà lè má gbọ́ fèrè ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ó sì lè mú kí ara má dúró gbọn-in.

Oògùn ọ̀fìnkìn fúnra rẹ̀ gba ìṣọ́ra. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí Piriton máa ń kun ènìyàn lóorun. Ẹni tó lò ó kò gbọdọ̀ gun kẹ̀kẹ́, kò sì gbọdọ̀ wa ọkọ̀ títí yóò fi kúrò lójú rẹ̀. Àwọn tó ní pseudoephedrine nínú, èyí tó ń ṣí imú, máa ń mú kí ọkàn yára, ó sì ń ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ẹ ka ara páálí oògùn, tàbí kí ẹ bi apoògùn kí ẹ tó san owó. Ti róòbù tí a ń fi pa imú àti àyà, mo fẹ́ràn rẹ̀ bí gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé mẹ́ńtóòlù inú rẹ̀ kò ṣí ihò imú ní tòótọ́. Ó kàn ń mú kí imú rò pé afẹ́fẹ́ tútù ń wọlé ni. Ẹ má fi í ṣe òṣùwọ̀n bóyá ara ti yá.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ló ń ṣeré. Ẹni tó ń gùn ún lọ sóko wà, tíṣà tó ń gùn ún láti ilé dé ilé láti kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú náà wà. Ọjọ́ tí kò bá jáde, owó kò wọlé. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jáde ní wákàtí tí oòrùn kò tíì le, kó gbé omi dání, kó máa sọ̀ kalẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ ní ibi òkè. Bí ibà bá wà, kó ránṣẹ́ sí àwọn òbí ọmọ pé òun kò lè wá. Ẹ̀yin òbí, ẹ má yọ owó rẹ̀ nítorí ọjọ́ méjì yẹn.

Àwọn tí àyẹ̀wò ọrùn kò tó fún

Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde kò gbọdọ̀ fi ọ̀fìnkìn ṣeré rárá. Àìsàn, omi ara tó gbẹ àti iṣẹ́ agbára, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè dá ìrora rẹ̀ sílẹ̀, kí a má tiẹ̀ tíì sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Kó sinmi, kó máa mu omi, bí ara rẹ̀ bá sì gbóná, ilé ìwòsàn. Ẹni tó ní asima, ọ̀fìnkìn wà lára ohun tó ń jí i dìde jù lọ; kó má jáde láìmú ẹ̀rọ tó ń fà símú dání, bó bá sì ti ń gbọ́ fíì-fíì nínú àyà, kó jókòó. Àgbàlagbà, aláboyún, ẹni tó ní àrùn ọkàn tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ dókítà tó mọ̀ wọ́n. Ní ti àwọn ọmọdé, wọn kì í purọ́ fún ara wọn bíi tiwa. Ọmọ tí imú rẹ̀ ń ṣomi tó ṣì ń sáré kiri, ẹ jẹ́ kó máa ṣeré rẹ̀. Èyí tó bá fúnra rẹ̀ lọ dùbúlẹ̀, ẹ má lé e síta.

Ṣé ohun tí mo ti kó jọ kò ní bàjẹ́?

Ìbẹ̀rù tó ń ti ọ̀pọ̀ jáde nìyí: pé bí àwọn bá sinmi, agbára tí àwọn ti kó jọ á tú ká. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan kì í fi bẹ́ẹ̀ mú nǹkan kúrò lára ẹni tó ti ń ṣe é déédéé. Ìdárayá déédéé gan-an ló dára fún ọ̀rọ̀ ọ̀fìnkìn. David Nieman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣọ́ àgbàlagbà 1,002 fún ọ̀sẹ̀ 12. Àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá ní ọjọ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, iye ọjọ́ tí ọ̀fìnkìn fi ṣe wọ́n fi ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tó ń jókòó. Ṣùgbọ́n Nieman kan náà ti kọ́kọ́ wo àwọn tó sá eré márátọ́ọ̀nù ti Los Angeles ní ọdún 1987. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn eré náà, nǹkan bí 13 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó sá a ló ròyìn àìsàn, nígbà tí ti àwọn tó ti múra sílẹ̀ bíi tiwọn ṣùgbọ́n tí wọn kò sá a jẹ́ bí 2.

Àwọn ọ̀dọ́ wa sì fẹ́ràn láti máa fi Mamadou Safaiou Barry, ọmọ Guinea tó gun kẹ̀kẹ́ lọ wá ìmọ̀ ní Al-Azhar ní ọdún 2023, dá mi lóhùn. Ó gba Togo àti Benin kọjá, ìgboyà rẹ̀ sì wú mi lórí. Àmọ́ bí nǹkan bí 4,000 kìlómítà ni, ó sì lo oṣù mẹ́rin lórí rẹ̀. Ẹ pín in, kò ju kìlómítà 33 lọ lójúmọ́, nígbà tó sì dé Chad, ọkọ̀ òfuurufú ni aláàánú kan fi gbé e dé Cairo.

Fún ẹni tí àárọ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti di ìjọsìn, tó ń gùn ún lọ sí ìrun tàbí lọ bẹ aláìsàn wò, hádíìsì kan wà nínú Bukhari láti ọ̀dọ̀ Abu Musa Al-Ash'ari tó yẹ kó fi í lọ́kàn balẹ̀: pé ẹrúsìn Ọlọ́hun tí àìsàn tàbí ìrìn-àjò bá dá dúró, wọn á máa kọ láádá ohun tó máa ń ṣe nígbà tí ara rẹ̀ le sílẹ̀ fún un.

Ẹ rántí ẹlòmíràn pẹ̀lú. Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ ni ọ̀fìnkìn máa ń ràn jù. Bí ẹ bá tilẹ̀ lágbára láti jáde, ẹ dá jáde. Ẹ má mu omi nínú ìgò kan náà, ẹ má fi ọwọ́ tí ẹ fi nu imú bọ àwọn ará lọ́wọ́ lẹ́yìn ìrun, kí ẹ sì bo ẹnu bí ẹ bá fẹ́ sín, gẹ́gẹ́ bí Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ṣe máa ń ṣe.

Bí ẹ ṣe máa padà

Ọ̀fìnkìn lásán kò ní ètò kan. Bó ṣe ń lọ, ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Lẹ́yìn ibà, ẹ dúró títí ara yóò fi wà láìgbóná fún wákàtí 24 gbáko láìlo párásítámọ̀. Ọjọ́ kìíní, ẹ rìn fún 20 ìṣẹ́jú. Bí ara bá dá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ gun kẹ̀kẹ́ yí àdúgbò po, kí ẹ má kọjá ìdajì àkókò tí ẹ máa ń lò. Ẹ fi ọjọ́ kan sinmi, kí ẹ tó tún fi kún un. Òkè àti eré sísá ló kẹ́yìn. Bí ikọ́ inú àyà bá padà, tàbí tí àárẹ̀ ọjọ́ kan bá wọ ọjọ́ kejì, ẹ padà sí ti rírìn. Kí ẹ tó gbé kẹ̀kẹ́ jáde, ẹ fi omi ọṣẹ nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, pàápàá bí ọmọ ilé bá tún ń gùn ún, kí ẹ sì fọ ìgò omi tó ti wà lára rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.